Ọkọ̀ onígbòkun ẹsẹ̀ bàtà 24 lórí dáàmù Ero: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ohun tí a bá nílẹ̀

Ìtì igi ọ̀mọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ di ọkọ̀ yìí. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24, ó fẹ̀ ní íǹṣì 34 níbi tó ti fẹ̀ jù, inú rẹ̀ sì jìn ní íǹṣì 15. Àwọn apẹja ló ń lò ó lórí dáàmù Ero ní Ìkùn-Èkìtì kó tó sán. Nígbà tó sán, wọ́n fà á gòkè, wọ́n fi í sílẹ̀ ní ìdojúsókè. Òjò kún inú rẹ̀, oòrùn fà á gbẹ, ọyẹ́ wá parí èyí tó kù.

A fẹ́ tún un ṣe, kí á gbé òpó àti ìgbòkun sí i, kó lè bá ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn díje lórí omi náà. Ẹni tó bá gbọ́ yóò fẹ́ mọ ohun tó pa Èkìtì àti ìgbòkun pọ̀. Èkìtì kò ní òkun, kò ní ọ̀sà. Ọwọ́ àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn tó wà létí omi ni ìmọ̀ ìgbòkun wà, àwọn tó ń kó iyanrìn lórí ọ̀sà Èkó sì ṣì ń fi ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán wa ọkọ̀ wọn. Èyí tó jẹ́ ti Èkìtì nínú iṣẹ́ náà ni igi: ọ̀mọ̀, ìrókò, ọ̀pẹ̀pẹ̀, ọparun. Omi dáàmù tí ìgbì rẹ̀ kò ga sì dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Ìdí mìíràn tún wà. Ní Pàtégi, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń díje lórí odò Ọya. Ní Argungu náà, eré àjẹ̀ wà lára ọdún ẹja pípa tí UNESCO kọ mọ́ àjogúnbá aráyé ní 2016. Nítorí náà, ọwọ́ tó mọ àjẹ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọwọ́ tó mọ okùn ìgbòkun ló ń dín kù, torí ẹni tó bá ti rówó ra ẹ́ńjìnnì kò rí ìdí tó fi yẹ kó kọ́ ọ mọ́, àfi tí eré kan bá wà tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dé ibẹ̀. Eré yẹn la fẹ́ gbé kalẹ̀.

A wọn ìnípọn ara ọkọ̀ kí á tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Agbẹ́kọ̀ ní ọgbọ́n kan fún èyí. Yóò gé èèkàn kéékèèké tí gígùn wọn bá ìnípọn tó ń fẹ́ mu, yóò fi iná sun ṣóńṣó wọn kó dú, yóò lu ihò láti ìta, yóò sì kàn wọ́n wọlé. Bó ṣe ń gbẹ́ inú lọ, ibi tí ojú dúdú bá ti yọ ló ti ń dáwọ́ dúró. Èèkàn 17 ni a kà lára ọkọ̀ yìí, ojú wọn ṣì hàn ketekete bí ẹni pé èédú ni wọ́n fi sàmì síbẹ̀. Àwa náà lu ihò mẹ́jọ pẹ̀lú dirí ẹnu mílímítà 4 láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìsàlẹ̀ nípọn ní íǹṣì 2¼, ẹ̀gbẹ́ jẹ́ íǹṣì 1, àfi ẹ̀gbẹ́ òsì níwájú tó ti jẹ dé ¾. Èèkàn ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni a fi dí ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà.

Ọkọ̀ Dufuna tí wọ́n rí ní 1987, ní ibi tó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, gùn ní mítà 8.4, ó sì ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Tiwa jẹ́ mítà 7.3. Ẹni tó gbẹ́ ti Dufuna kò rí irin lò. Gbogbo ìgbà tí ṣísẹ́lì bá kú lọ́wọ́ wa ni ó yẹ ká máa rántí ìyẹn.

Igi ọ̀mọ̀ yìí náà ni àwọn onílù ń gbẹ́. Èyí tó bá ga, tó gùn, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́gbọọgba kì í wọ̀n ju nǹkan bíi kílò 12 lọ tó bá gbẹ, nígbà tí ìrókò irú rẹ̀ máa ń tó kílò 18. Àràbà fúyẹ́ ju méjèèjì lọ, àmọ́ ó tètè ń rà. Tí a bá ní ká yan igi fún ọkọ̀ eré láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀mọ̀ náà la óò tún yàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta: sísán náà

Láti imú ọkọ̀ ni ó ti sán. Ó gùn ní íǹṣì 41, íǹṣì 26 nínú rẹ̀ sì la ara ọkọ̀ já. Ẹnu rẹ̀ ṣí tó ⅜ íǹṣì, ìka ọmọdé wọ inú rẹ̀. Ohun tó fà á kò ṣòroó mọ̀: ibi tí wọ́n ti gé igi lábùú ló ń tètè gbẹ ju ara yòókù lọ, tí imú bá sì ti ń súnkì nígbà tí àárín ṣì tutù, ó di dandan kó là. Àwọn tó kọ́kọ́ tún un ṣe tún dá kún un. Wọ́n kan páànù bò ó, wọ́n sì to ìṣó dúdú mẹ́sàn-án tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà igi kan náà. Ìṣó tó bá tò báyìí ń ṣiṣẹ́ irin ìlagi ni. A yọ páànù, a bá ìlà mìíràn lábẹ́ rẹ̀, láti orí ìṣó kìíní dé ìkẹsàn-án.

A kò tún un ṣe ní gbígbẹ. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e lọ. Tí ẹ bá fi ohun líle kún ojú sísán nígbà tí igi gbẹ, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá padà sómi, igi yóò wú, ohun tí ẹ fi dí i yóò sì dà bí irin ìlagi, yóò máa la igi náà lọ síwájú. Nítorí náà, a rì í mọ́ omi ìdí bèbè, níbi tí kò jìn, a fi àpò iyanrìn mẹ́fà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnu sísán ti dín sí ¼ íǹṣì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó di ⅛, kò sì yí padà mọ́.

A gbé e jáde sábẹ́ ibòòji, a fi àpò tútù bò ó. A fi okùn yí imú rẹ̀ ká ní ọ̀nà mẹ́ta, a ki igi bọ inú okùn kọ̀ọ̀kan, a sì ń lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ìlọ́ kan lówùúrọ̀, ìlọ́ kan nírọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe kánjú níbí. Okùn tí a bá lọ́ tipátipá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè gbé sísán mìíràn jáde ní òdìkejì. Ibi tí sísán parí sí gan-an, a lu ihò mílímítà 10 síbẹ̀, a fi èèkàn ìrókò dí i, kí ìlà náà má lè rìn síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ wá òpin rẹ̀ dáadáa. Ẹ bu omi sí i, ẹ nù ún, ẹ wò ó: ìlà tín-ín-rín tí ojú kò rí yóò dúró ní tútù nígbà tí ara igi yòókù bá ti gbẹ. Òpin tí ojú rí àti òpin tí omi fi hàn fi íǹṣì 3½ jìnnà síra.

Lẹ́yìn náà ni ìdè oníríísí labalábá. Mẹ́rin ni a gbẹ́ láti ara ọ̀pẹ̀pẹ̀: íǹṣì 6 ní gígùn, íǹṣì 3 ní ìyẹ́ méjèèjì, íǹṣì 1¼ ní ìbàdí, ⅞ ní ìnípọn. Láti inú ọkọ̀ ni a ti gbẹ́ ààyè wọn, níbi tí imú ti nípọn tó íǹṣì 1¾, ọ̀kan sí ìkejì jẹ́ íǹṣì 8. Ìlà igi ìdè gbọ́dọ̀ dábùú sísán náà. Tó bá bá a lọ ní ìlà kan náà, ìbàdí labalábá ni yóò kọ́kọ́ kán. A fi òòlù onígi lù wọ́n wọlé. Èyí tó wọlé wẹ́rẹ́ láìsí pé a lù ú, a sọ ọ́ nù, a gbẹ́ òmíràn.

Láti ìta, òwú tí a lọ́ bí okùn tín-ín-rín ni a fi dí ojú sísán. A kọ́kọ́ rẹ òwú náà sínú linseed oil, òróró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, a wá fi ṣísẹ́lì tí a ti pa ẹnu rẹ̀ tì í wọlé títí yóò fi ku ⅛ íǹṣì kó dọ́gba pẹ̀lú ara ọkọ̀. Pútì ló bo ìyókù. Kálísíọ̀mù tí àwọn tó ń po ọ̀dà ilé ń lò ni a fi ṣe é, kílò kan sí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lítà linseed, a pò ó bí ẹni po èlùbọ́ tí a kò fẹ́ kó ní kókó. Pútì àkọ́kọ́ ṣí kúrò lọ́jọ́ kejì bí èèpo ẹyin. Àṣìṣe tiwa ni: ara igi ṣì tutù nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, pútì olóróró kì í sì mú igi tútù. A yọ gbogbo rẹ̀, a jẹ́ kí ojú ibẹ̀ nìkan gbẹ fún ọjọ́ méjì, tí ìyókù ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ àpò tútù, a fi linseed kun ún lẹ́ẹ̀kan, a wá tẹ pútì tuntun. Ìyẹn dúró.

Ọ̀pọ̀ ló sọ fún wa pé kóltà tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò ló rọrùn jù. Òótọ́ ni pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń fà lọ fún àwọn ènìyàn láti mu ni omi dáàmù yìí, a kò sì ní fi ọ́ìlì dúdú kan ọkọ̀ tí yóò wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà tó ní òjé náà kò dé ibi iṣẹ́ wa.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: etí ọkọ̀

Ọkọ̀ tó ń lo àjẹ̀ lè ṣe é pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó ga ní íǹṣì 15. Èyí tó ní ìgbòkun kò lè ṣe é, torí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A fi pákó ìrókò gbé etí rẹ̀ ga, íǹṣì 1 ní ìnípọn, íǹṣì 7 ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 18 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pákó náà gun orí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní íǹṣì 1½, èyí tó mú kí jíjìn rẹ̀ di íǹṣì 20½. Méjèèjì fi nǹkan bíi kílò 32 kún ọkọ̀. Tó bá jẹ́ pákó ọ̀mọ̀ ni, kílò 21 ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n okùn àti ọ̀pá ọparun yóò máa ha etí yìí lójoojúmọ́, ìrókò ló lè fara dà á.

Kò sí pákó tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18 tí kò lọ́, nítorí náà méjì ni a so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú ìsopọ̀ fi íǹṣì 8 dagun fún íǹṣì 1 tí pákó nípọn. Èyí tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò ṣí níbi tí ọkọ̀ ti tẹ̀. Ìṣó onírin funfun ti íǹṣì 2½ ni a lò, 90 lápapọ̀, íǹṣì 5 sí ara wọn, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, kí méjì má bàa wà lórí ìlà igi kan náà. A fi dirí lu ihò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣó dúdú kò wúlò níbí: ó ń dógùn-ún, igi tó bá ní omi kíkan lára á máa jẹ irin náà, irin náà á sì máa sọ igi di dúdú. Igi ìdigbò ló burú jù nínú ìyẹn.

Ní ti ìrókò, orí àga ilé ìlagi ni a ti rà á, pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Èkìtì kì í gé ìrókò láìkọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ àti lọ́wọ́ igi náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: òpó

Ọparun ni òpó wa, ẹsẹ̀ bàtà 13, ìdí rẹ̀ nípọn ní íǹṣì 3½. Ìṣirò gígùn rẹ̀ rọrùn: íǹṣì 20 wà nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2 ni àlàfo láàárín etí ọkọ̀ àti ìsàlẹ̀ ìgbòkun kí atukọ̀ lè ríran kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 9 ni ti ìgbòkun fúnra rẹ̀, íǹṣì mẹ́rin tó kù wà fún ìdì orí òpó.

Òpó àkọ́kọ́ là. Ọmọ ọparun ni, òjò ni wọ́n gé e sí, a sì tún ṣe àṣìṣe pé a kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn láti fi kọ́ okùn. Láti ojú ìṣó yẹn ló ti là lọ sókè, kókó méjì ló kọjá. Ọparun kì í gba ìṣó. Ẹ dì í ni.

Ẹ gé èyí tó ti lò tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ óò mọ̀ ọ́n: èèpo rẹ̀ kò dán mọ́, àbàwọ́n funfun-funfun ti wà lára rẹ̀, èèpo gbígbẹ tó máa ń wé mọ́ ọmọ ọparun ti jábọ́ kúrò lójú kókó, tí ẹ bá sì fi èkù ọ̀bẹ lù ú, ó ń dún ganran-ganran. Ẹ rì í sómi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí adùn inú rẹ̀ lè jáde, torí adùn yẹn ni kòkòrò tó ń sọ ọparun di lẹ́búlẹ́bú ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró lóòró níbòòji títí yóò fi gbẹ. A ti ní irú rẹ̀ kan ní ìpamọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró.

A ki ọ̀pá ọ̀pẹ̀pẹ̀ íǹṣì 10 sínú ìdí òpó kó má bàa fọ́ níbi tó ti jókòó. A fi okùn àwọ̀n dì í yíká níbi mẹ́rin, àárín kókó sí kókó. Ìtẹ́ òpó jẹ́ kùkùté ọ̀pẹ̀pẹ̀ íǹṣì 12 sí 8 sí 4, ihò rẹ̀ jìn ní íǹṣì 2½, a sì la ojú ọ̀nà kékeré kan kúrò nínú ihò náà kí omi lè máa ṣàn jáde. Ìtẹ́ tí omi bá ń dúró nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó rà, òpó yóò sì máa jẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Èèkàn mẹ́fà ló mú un mọ́ ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ inú igi ní íǹṣì 1 nínú 2¼ tó wà níbẹ̀. Lókè, pákó ìdábùú íǹṣì 2 sí 9 ló di òpó mú, ẹsẹ̀ bàtà 7 sí imú ọkọ̀. Okùn ni a fi dì í mọ́ etí méjèèjì. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi kan máa ń tẹ̀ díẹ̀ lórí omi, ìṣó yóò sì máa bá a jà. Rọ́bà táyà ni a fi bo ojú ihò tí òpó gbà kọjá.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: ìgbòkun

Àwọn kan yóò sọ pé àpò ìrẹsì kì í ṣe ohun àjogúnbá. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣì ń fi ìgbòkun ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà fún oúnjẹ òòjọ́ wọn, àpò ni wọ́n ń rán, ọgbọ́n ìgbòkun sì wà nínú rírán àti lílò rẹ̀. A tún rán ọ̀kan tí a fi kíjìpá ṣe, láti fi wé e. Kíjìpá rẹwà, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ láìpariwo, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án, ó ń wúwo, ó ń nà, tí a bá sì ká a ní tútù, ó máa ń bu. Àpò kì í fa omi. Oòrùn ni ọ̀tá tirẹ̀: tí a bá fi í sílẹ̀ lórí òpó lójoojúmọ́, láàárín oṣù mélòó kan, yóò máa fọ́ lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Ẹ ká a, ẹ bò ó.

Àpò kílò 50 mẹ́jọ ni a lò. A tú ẹ̀gbẹ́ àti ìdí mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ lọ sí nǹkan bíi mítà 1.2 sí 0.95. Méjì ní ìbú, mẹ́ta ní òró, èyí sì fún wa ní ìgbòkun ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 7 lẹ́yìn tí a ṣẹ́ etí rẹ̀. Méjì tó kù ni a gé fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìpele mẹ́ta ní igun kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ gbígbóná ni a fi gé gbogbo rẹ̀ kí òwú àpò má bàa máa tú. Ojú rírán ní ìṣẹ́po méjì, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, ìlà rírán méjì, abẹ́rẹ́ àpò àti okùn àwọ̀n ni a fi rán an. Gbogbo àpò gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Àpò tí wọ́n bá fi dagun sí àárín àwọn yòókù yóò nà ju wọ́n lọ, ìgbòkun yóò sì yọ ikùn níbẹ̀.

A rán okùn mílímítà 8 mọ́ gbogbo etí rẹ̀ yíká. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a rán ti ẹ̀gbẹ́ òpó, torí nígbà àkọ́kọ́ a fa okùn le ju àpò lọ, ìgbòkun sì hunjọ bí aṣọ tí wọ́n fi okùn sí nídìí.

Igun òkè ìta ni ọ̀pá kan ń gbé sókè láti ìsàlẹ̀ òpó, ó dagun kọjá lójú ìgbòkun. Ọ̀nà yìí wọ́pọ̀ létí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a sì yàn án torí ó rọrùn láti sọ̀ kalẹ̀. Láti igun dé igun ìgbòkun wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 5, a gé ọ̀pá náà sí 12. Okùn kékeré kan ló gbé ìdí ọ̀pá yìí mọ́ òpó, òun ni a fi ń tún ìgbòkun ṣe lórí omi. Ẹ wo ojú ìgbòkun. Tí ó bá hunjọ láti orí òpó wá sí igun ìsàlẹ̀ ìta, ọ̀pá ti dẹ̀ jù, ẹ fa okùn rẹ̀. Tí ìhunjọ bá gba ọ̀nà kejì, láti igun òkè ìta wá sí ìsàlẹ̀ òpó, ẹ ti tì í le jù. Ọmọ tó bá ti mọ ìhunjọ méjì yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbòkun.

Àjẹ̀

Àjẹ̀ ìtọ́kọ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ẹnu rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 22 sí 9. Igi afàrà ni a fi gbẹ́ ẹ torí ó fúyẹ́. Àwọn àjẹ̀ kéékèèké mẹ́ta jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5.

Ọ̀sẹ̀ keje: òfin eré

A kọ òfin kí ọkọ̀ tó dómi, torí òfin ló ń pinnu irú ìmọ̀ tí eré yóò tọ́jú. Ní Martinique, erékùṣù kan ní Karibeani, yole, ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n fi ń díje, ní ìran rẹ̀ láti ara ọkọ̀ tí àwọn apẹja ń gbẹ́ láti ara igi gommier. Kò ní ìtọ́kọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ìdí, kò ní pákó tó dà bí egungun ẹ̀yìn lábẹ́. Àjẹ̀ ńlá ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, àwọn èrò ọkọ̀ sì ń gun ọ̀pá jáde sójú omi láti fi ìwọ̀n ara wọn gbè é. Ohun tí wọ́n kọ̀ láti fi kún ọkọ̀ náà ló pa ìmọ̀ wọn mọ́, UNESCO sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2020 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìtọ́jú àjogúnbá. Ní Bahamas, eré George Town bẹ̀rẹ̀ ní 1954 pẹ̀lú ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ẹja, wọ́n sì fi í sófin pé ọmọ ilẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ kan ọkọ̀ tí yóò díje.

A ti dán pákó ẹ̀gbẹ́ wò, èyí tí wọ́n ń rì sómi kí ọkọ̀ má bàa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. A yọ ọ́ kúrò, torí bó ti wà níbẹ̀, atukọ̀ kò fi àjẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́. Òfin wa wá jẹ́ báyìí: ìtì igi kan, pákó etí nìkan ni a lè fi kún un, ìgbòkun àpò tàbí kíjìpá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 65 lọ ní gbogbo ojú rẹ̀ (tiwa jẹ́ 63, ìyẹn 9 lọ́nà 7), àjẹ̀ nìkan ni ìtọ́kọ̀, èrò mẹ́rin, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Eré kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lórí omi. Orí ilẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, òpó wà nílẹ̀, ìgbòkun wà ní kíká, okùn wà ní títú. Ẹni tí kò bá mọ ìdì kò ní kúrò ní bèbè.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ àti ìkẹsàn-án: lórí omi

A kọ́kọ́ rì í. A bu omi kún un pátápátá ní ibi tí omi dé àyà, pẹ̀lú èrò mẹ́rin tó di etí rẹ̀ mú. Igi rẹ̀ léfòó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ bọ́ sábẹ́ omi, kò sì sí bí a ṣe lè gbọ́n ọn. A di kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì síwájú, méjì sẹ́yìn, tí a dé ẹnu wọn pa. Ìwọ̀nyí ń gbé nǹkan bíi kílò 100, etí ọkọ̀ sì yọ sókè omi ní íǹṣì 4. Pẹ̀lú igbá méjì, ìṣẹ́jú 11 ni a fi gbọ́n ọn gbẹ. Okùn la fi so igbá mọ́ ọkọ̀. Gbogbo èrò wọ ẹ̀wù ìléfòó láti bèbè.

Nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn, ó máa ń dákẹ́ ní kùtùkùtù, ó sì ń le sí i bí oòrùn bá ti ga. Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ni a lò. Nígbà tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn, a fi ìṣẹ́jú 9 rin kìlómítà kan. Nígbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ ń lọ, àmọ́ ó ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: ní kìlómítà kan, ó ti fi nǹkan bíi mítà 350 kúrò lójú ọ̀nà. Kò lè kọjú sí afẹ́fẹ́, a kò sì retí pé yóò lè ṣe é. Nítorí náà, ọ̀nà eré jẹ́ lílọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àti ìdábùú kan, àjẹ̀ la ó sì fi padà.

Okùn tó ń darí ìgbòkun, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un, a kì í so ó. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 18 ní wákàtí ń ti ìgbòkun yìí pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi kílò 11. Tó bá di 36, kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni, bíi kílò 43, lórí òpó, ní ọkọ̀ tí kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Tí atukọ̀ bá pariwo “Dẹ̀ ẹ́!”, okùn gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà kó tó dáhùn pé “Ó ti dẹ̀, bàbá.”

Ìjì tó ń kó òjò bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òjò, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá, pẹ̀lú ìkùukùu dúdú tó tẹ́ bí ẹní. Kó tó dé, ìgbòkun ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán sísọ̀ rẹ̀ wò, ìṣẹ́jú àáyá 25 ni ó gbà, torí ìdì okùn ọ̀pá ti wú nínú omi, kò tú. A yí i padà sí ìdì tí a ń fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fà tú. Báyìí, ìṣẹ́jú àáyá 7 ni. Ọ̀kan nínú èrò gbọ́dọ̀ lè ṣe é láìwò ó.

Kùkùté igi tí dáàmù bò mọ́lẹ̀ ni ewu kejì. Nígbà tí omi bá fà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré lábẹ́ omi, wọn kò hàn. Pẹ̀lú àwọn apẹja tó mọ ibẹ̀, a rí 23 lójú ọ̀nà eré, a so kẹ́ẹ̀gì funfun mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó kù

Ojú sísán kò jò lẹ́yìn ọjọ́ 12 lórí omi. Ìdè labalábá kẹta láti imú ti yọ sókè ní nǹkan bí ìnípọn èékánná. A sàmì sí i, a ó máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá tún yọ sí i, a ó yọ ọ́, a ó gbẹ́ èyí tó fẹ̀ jù ú lọ.

Àjẹ̀ ìtọ́kọ̀ ti là ní ẹnu, láti ìsàlẹ̀ sókè, íǹṣì 7, nígbà tí atukọ̀ fi gbogbo ara gùn ún láti yí ọkọ̀ kúrò níbi kùkùté. Afàrà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìrókò tó kù láti ara pákó etí ni a fi ń gbẹ́ èyí tó kàn, a óò sì dín ẹnu rẹ̀ sí íǹṣì 8 kí ìwúwo rẹ̀ má bàa pọ̀ jù. Ìtì ọ̀mọ̀ fún ọkọ̀ kejì ti wà ní bèbè, wọ́n ti fi ewé bo ojú méjèèjì tí wọ́n gé.